“A Ń Dúró Dè Yín Ni, Mà”

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méje báyìí tí gbólóhùn kan ti ń tẹ̀lé mi kiri. Ó ń bá mi wọ ọkọ̀, ó ń bá mi jókòó nídìí oúnjẹ, ìgbà mìíràn sì wà tí ó máa ń jí mi lóru. Kì í ṣe èébú, kò sì sí ẹ̀sùn kankan nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo fẹ́ràn bí ọmọ bíbí inú mi ni ó sọ ọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ gan-an. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà. A ń dúró dè yín ni.”

Ẹgbẹ́ aláàánú kékeré ni mo ń darí ní Adó-Èkìtì láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. A máa ń wọ abúlé lọ láti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà tí àwọn ọmọ wọn wà ní Èkó, ní Àbújá tàbí lókè òkun, a ń bá wọn ra oògùn tí dókítà ti kọ fún wọn, a sì ń gbé e dé ọwọ́ wọn kí ti àná tó tán. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ilẹ̀ wa yìí mọ ìdí tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ ṣe é. Lórí ìlà àwọn arúgbó tó ń gba ₦5,000 tí ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san lóṣooṣù lọ́dún 2011 ni mo ti kọ́kọ́ rí bí wọ́n ti pọ̀ tó, àti bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe dá wá tí wọ́n sì dá lọ.

Àpò ọ̀rá mọ́kànlá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni mo ṣe iṣẹ́ abẹ, dókítà sì ní n kò gbọdọ̀ rin ìrìn àjò kankan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí n tó wọ ilé ìwòsàn, mo pe gbogbo àwa mẹ́sàn-án tí a jọ ń ṣiṣẹ́, a gbàdúrà pọ̀, wọ́n sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ohun tí yóò dúró. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lórí ibùsùn ni wọ́n ń pè mí láti béèrè àlàáfíà mi, wọ́n ń gbé èso wá, wọ́n ń bá àwọn ọmọ mi fọ abọ́. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́, inú mi sì dùn, nítorí mo rò pé bí iṣẹ́ bá dákẹ́, ó ń lọ geere ni.

Lọ́jọ́ Ajé tí mo padà dé ọ́fíìsì, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti mú ìwé kan. Àpò ọ̀rá mọ́kànlá ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n so wọ́n lẹ́nu dáadáa, orúkọ àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan wà lára tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ abúlé rẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì ni gbogbo wọn. Wọ́n ti rà á, wọ́n ti kà á pé, wọ́n ti kọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n máa lò ó sára páálí gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí. Wọn kò kàn gbé e lọ ni. Eruku ti bà sórí àwọn ọ̀rá náà.

Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ tí ó sọ gbólóhùn tí mo ti sọ lókè. Mo ní èéṣe tí wọn kò pè mí. Ó ní wọn kò fẹ́ da ìrora mìíràn kún ìrora mi. Mo ní owó ńkọ́. Ó ní owó wà. Mo ní ọ̀kadà ńkọ́. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí i níta, ibi tí a ti dá a dúró sí lábẹ́ igi máńgòrò. Epo tí yóò gbé e dé abúlé mẹ́ta náà kí ó sì gbé e padà kò lè ju ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà lọ, ṣùgbọ́n wọn kò lè mú ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náà láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí ìwé.

A gbéra lọ́jọ́ náà. Ní abúlé kan lápá Ìkọ̀lé, a bá bàbá kan tí oògùn rẹ̀ ti tán láti ọjọ́ mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Nígbà tí a wọn ìfúnpá rẹ̀, ẹ̀rọ kọ 196 lórí 112. Bí ó bá ti dé 140 lórí 90 lẹ́ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti ń kìlọ̀ fún ènìyàn, bàbá yìí sì jókòó, ó ń ya èèpo ẹ̀gẹ́, ó ní kò sí ohun tó ń ṣe òun. Bí àìsàn yìí ṣe rí nìyẹn. Kì í pariwo, ọjọ́ tí ó bá máa sọ̀rọ̀, rọpárọsẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, ara rẹ̀ balẹ̀. Kí n tó fi í sílẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń dúpẹ́, ó ní bí kì í bá ṣe tèmi ni, òun ì bá ti kú. Èmi tí mo mọ ibi tí oògùn rẹ̀ wà fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kò rí ọ̀rọ̀ kankan fi dá a lóhùn.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà

Ìbínú ni ó kọ́kọ́ gbé mi. Mo pe ìpàdé, mo béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá orí tí Ọlọ́run dá mọ́ wọn lọ́rùn kò lè ronú ni. Kò sí ẹni tó fèsì. Wọ́n wolẹ̀, gbogbo wọn ń wo ìka ẹsẹ̀ wọn, bí àwọn ọmọ tí a tọ́ dáadáa ṣe máa ń ṣe nígbà tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n tú ká, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń bá wa ṣe ìwé owó láìgba kọ́bọ̀, dúró lẹ́yìn. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà?”

Mo ti gbàgbé. Àwọn kò gbàgbé.

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà epo kan fò láti ohun tí kò tó ₦200 lọ sí ohun tó ju ₦500 lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀rù bà mí. Owó tí a ti ṣètò fún ọdún kan fẹ́ tán kí ọdún tó dé ìdajì. Mo wá kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí yóò mú owó epo tàbí owó ohunkóhun láìjẹ́ pé èmi fúnra mi fọwọ́ sí i. Mo ṣì gbà pé òfin náà tọ́ lọ́jọ́ tí mo ṣe é. Àṣìṣe mi ni pé n kò dá ọjọ́ kan tí yóò dópin.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa wà ní abúlé, bátìrì ẹ̀rọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, àgbàlagbà mẹ́rìnlá sì ti tò kalẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí tí ì bá fi pè mí. Ó fi ọ̀kadà lọ sí ìlú tó wà nítòsí, ó ra bátìrì, ó padà, ó sì wọn ìfúnpá gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni ó ná nínú owó tí wọ́n ní kí ó fi ra nǹkan mìíràn, ó sì mú rìsíìtì wá. Lójú gbogbo ènìyàn ni mo ti bi í pé, “Ta ló fún ọ láṣẹ?” Mo sọ ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì san owó náà padà láti inú owó tirẹ̀, èmi sì gbà á. Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ó kúrò lọ́dọ̀ wa. Mo sọ fún àwọn ènìyàn pé ó ti rí iṣẹ́ tó dára jù lọ síbòmíràn, mo sì gbà á gbọ́ fúnra mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn mẹ́jọ yòókù rí èyí tó fọ́ náà, wọ́n sì rọra ń rìn yí i ká láti ọjọ́ yẹn.

Ohun tí mo wá ń pè ní àìlèronú lọ́jọ́ àpò ọ̀rá mọ́kànlá, ẹ̀kọ́ tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ wọn ni. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

N kò kọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀wọ̀. Ní ilé tí mo ti jáde, ọmọ tí kò bá kúnlẹ̀ kí ènìyàn kò ní jẹun àárọ̀, n kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dẹ́kun ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i báyìí pé bí olórí bá ń gba ọ̀wọ̀ tí kò sì béèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìbẹ̀rù lè wọ aṣọ ọ̀wọ̀, kí ó sì jókòó sínú ilé fún ọdún méjì láìsí ẹni tí yóò fura. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn mi. Ó dá mi lójú. Ìfẹ́ yẹn gan-an wà lára ohun tó dá wọn dúró.

Ẹni tó kúrò lọ́jà

Òwe kan wà tí mo máa ń pa ní gbogbo ìpàdé wa, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó gbé mi sí ipò tó wù mí: èmi ni àgbà, ọjà ni iṣẹ́ wa, ọmọ tuntun sì ni àwọn tí a ń tọ́jú. Láàárín ọ̀sẹ̀ méje yìí, mo wá ń ronú sí apá tí òwe náà kò sọ. Àgbà kì í gbé inú ọjà sùn. Nígbà tí ó bá ti lọ sílé, ìyá tó pọn ọmọ náà ńkọ́? Ṣé yóò máa wo orí ọmọ rẹ̀ tó wọ́, kí ó máa dúró de àgbà ni? Àgbà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti fi bí a ṣe ń gbé orí ọmọ han ìyá náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wa wà lára ògiri, lókè kọ́bọ́ọ̀dù tí mo ti bá àwọn oògùn náà. Ọ̀nà tó gùn ni a gbà rí i gbà: a gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn méjì, a dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnì kan yóò takò ó, kí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, tó fi òǹtẹ̀ lù ú. Òfin tí a fi forúkọ àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa sílẹ̀, ti ọdún 2020 àti ti 1990 tó ṣáájú rẹ̀, sọ pé bí a bá ti forúkọ àwọn alámòójútó sílẹ̀, wọ́n di ara kan tí kì í kú. Ẹnì kan lè lọ, ẹlòmíràn lè wọlé, ẹgbẹ́ kò ní parí. Ohun tí ìwé ara ògiri sọ nìyẹn. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹgbẹ́ náà kò lè gbé oògùn kọjá ẹnu ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nítorí obìnrin kan ń sinmi.

Àwọn baba wa ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú òfin kankan. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, bí Ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni a sábà máa ń fi jẹ adelé. Yóò múra bí ọkùnrin, yóò jókòó ní ààfin, àwọn ìjòyè yóò sì máa bọlá fún un títí a ó fi mú Ọba tuntun, bí ó tilẹ̀ gba ọdún díẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń rí adelé lóde ayẹyẹ, ẹwà aṣọ rẹ̀ nìkan ni mo sì ń wò. Nísinsìnyí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni ó ń yà mí lẹ́nu. Ìlú ti mọ ẹni tí yóò jókòó kí àga tó ṣófo. Ọjà kì í tú, ẹjọ́ kì í dúró. Adelé pàápàá sì mọ̀ láti ọjọ́ tó wọ ààfin pé òun yóò jáde.

Mo tún ronú kan Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí. Òun ló ṣáájú nínú dídìde sí Ìbàdàn, ìdìde tó bí ogun Kírìjì. Síbẹ̀, nígbà tí ogun Èkìtì Parapọ̀ di ńlá, Ògèdèǹgbé láti Iléṣà ni a fi ṣe olórí gbogbo ọmọ ogun. Fábùnmi kò tìtorí rẹ̀ padà sílé. Ó dúró sójú ogun, ó ń jà lábẹ́ ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ó rọrùn láti kọrin ẹni tó dá ogun sílẹ̀. Ó wù mí kí a túbọ̀ máa kọrin ẹni tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sún sí ẹ̀gbẹ́.

Oko ẹni tó kàn

Bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe àáró títí agbára fi kúrò lápá wọn. Ohun tí mo rántí jù ni pé kò sí ọ̀gá nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe pé kò sí ẹni tó ń pàṣẹ. Lọ́jọ́ tó bá kan oko bàbá mi, òun ni yóò sọ ibi tí ọkọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti bí ebè yóò ṣe tóbi tó, àwọn tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí yóò sì kọ ebè náà bí ó ṣe wí. Lọ́jọ́ kejì, oko ẹlòmíràn ni, bàbá mi yóò sì gbọ́ràn. Àṣẹ ń bá oko rìn.

Bí a ṣe tún iṣẹ́ wa tò nìyẹn. Abúlé kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tó ni ín báyìí, òun ló ni ìwé rẹ̀, òun ló ń dá ọjọ́ tí a ó lọ, bí mo bá sì bá a lọ, abẹ́ rẹ̀ ni mo wà. Ó lè ná tó ₦15,000 láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó ṣáà mú rìsíìtì wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ní báǹkì, ẹni mẹ́ta ni orúkọ wọn wà, ìbuwọ́lù méjì èyíkéyìí ti tó, tèmi kì í ṣe dandan mọ́. Ìwọ̀n oògùn nìkan ni a kò fi sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa, àti èmi náà: dókítà ló ń sọ ọ́.

Ní ìpàdé, ẹni tó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èmi ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ìpàdé àkọ́kọ́ tí a ṣe bẹ́ẹ̀ le. Ọmọkùnrin tó kéré jù láàárín wa ń wo ojú mi, ó ń wo ilẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ náà sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ fi ń yún mi láti bá a sọ ọ́. Mo jókòó lé ọwọ́ mi. Nígbà tó yá, ó ní ohun kan wà tí òun ti ń rí láti bí ọdún kan. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń lọ sí àwọn abúlé kan lọ́nà Ọ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọjà ọrọọrún ni wọ́n ń ná níbẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì máa ń yí. Ní gbogbo ìgbà tí ọjà bá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, àwọn ìyá kì í sí nílé, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n kọ̀ láti wá. Ọdún kan gbáko. Mo ti bínú sí àwọn ìyá náà rí, mo tilẹ̀ ti bá wọn wí nípa àìbìkítà fún ara wọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi ti ń fi ọgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kọ́ ilé.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo rẹ̀ ti tòrò. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó sọ gbólóhùn ọjọ́sí fi àṣẹ tuntun rẹ̀ ra aṣọ tí a ń wé mọ́ apá fún ẹ̀rọ mẹ́ta, ó rí èyí tí owó rẹ̀ dínkù, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n títóbi ni wọ́n. Apá àwọn arúgbó wa tín-ín-rín, bí aṣọ náà bá sì tóbi ju apá lọ, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ yóò kọ máa ń kéré ju òtítọ́ lọ. Ó túmọ̀ sí pé a ti sọ fún àwọn kan pé ara wọn dá nígbà tí kò dá. Ó gba ọkàn mi. Mo ti mú bírò láti kọ òfin àtijọ́ padà.

Mo gbé bírò náà sílẹ̀. Mo pè é, mo ṣàlàyé ohun tí aṣọ títóbi ń ṣe, mo béèrè ohun tí ó rò pé ó yẹ kí a ṣe. Omi lé sí i lójú. Lẹ́yìn náà ó mú ìwé, ó kọ orúkọ àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí a ti fi aṣọ náà wọ̀n, ó ní òun fẹ́ tún gbogbo wọn wọ̀n kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, òun yóò sì sọ fún wọn pé ẹgbẹ́ wa ló ṣe àṣìṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà á. Ó rí mẹ́rin tí nọ́ńbà wọn ga, ó sì gbé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nígbà tí ó parí, ó wá jábọ̀ fún mi. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó dìde, ó sì wò mí lójú bí ó ti ń sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wọ abúlé kan lọ́nà Ọ̀yẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbàlagbà ti tò sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àtíbàbà. Ìyá kan tí kò rí mi rí sún fún mi, ó ní, “Ẹ jókòó, ọmọ mi, ó máa kàn yín.” Ọmọbìnrin tó ni ìwé abúlé náà rí mi, ó fẹ́ dìde wá kí mi, mo fi ọwọ́ sọ fún un pé kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí ó kàn mí, ó ní kí n fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí n má sọ̀rọ̀, kí n sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ó wé aṣọ kékeré mọ́ apá mi. Ẹ̀rọ kọ 148 lórí 92.

Ó wo nọ́ńbà náà, ó wò mí, ó tún wo nọ́ńbà náà. Mo mọ ohun tó ń bá ara rẹ̀ sọ, n kò sì ràn án lọ́wọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní, “Mà, ó ga díẹ̀. Ẹ ó lọ rí dókítà, ẹ ó sì padà wá kí a tún un wọ̀n.”

Mo béèrè bóyá kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ó ka ọjọ́ lórí ìka rẹ̀, ó ní rárá, ọjà yóò bọ́ sí i. Ó ní kí n wá ní Ọjọ́rú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.